Ìlérí Inú Gbọ̀ngàn

Sátidé, ọjọ́ keje oṣù kẹta

Òjò àkọ́rọ̀ ló kí wa káàbọ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n yá wa wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, òrùlé rẹ̀ ń jò, eruku igi sì ti bo gbogbo àga. A nu ún títí, a sín títí. Àwa márùn-ún la wá láti yunifásítì láti kọ́ àwọn ará àdúgbò níwèé: Alága, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa; Gíga, tó máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì; èmi, tí mo máa kọ́ wọn ní ìṣirò; àti ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń fẹ́ra, tí mo ti mọ̀ láti inú ọkọ̀ pé ara wọn ni wọ́n wá kọ́.

Mo rò pé èèyàn díẹ̀ ló máa wá. Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde lóṣù kẹfà, àwọn míì ti ṣe é rí tí wọ́n fìdí rẹmi. Ọ̀kan tiẹ̀ ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní ìkóríta. Onítáyà ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, Tíṣà." Mo ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, bùrọ̀dá." A jọ ń "ẹ" ara wa kiri bí àna méjì.

Alága sọ̀rọ̀. Tó bá di ọ̀rọ̀ sísọ, ó lè ta yìnyín fún ẹni tí òtútù ń pa. Ó ní, "Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù lọ nínú yín, àwọn àgbà kan wà lẹ́yìn wa tí wọ́n máa fà á wọ yunifásítì, wọ́n á gbọ́ bùkátà rẹ̀ títí yóò fi jáde." Ariwo ta. Èmi ò gbọ́ nípa àgbà kankan rí, àmọ́ mo sọ fún ara mi pé ohun tí olórí mọ̀, ọmọ ẹ̀yìn ò lè mọ̀ ọ́n tán.

Ọmọbìnrin kan wà lórí àga iwájú tí kò pàtẹ́wọ́. Ẹnu Alága ló ń wò, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń wo ẹnu ẹ̀rọ omi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Màmá mi pè. Mo ròyìn fún un. Ó ní, "Ìwọ tí ẹrù tìẹ ò tíì kúrò lórí, o tún ń bá ará ọjà gbé tiẹ̀. Ṣé wọ́n bẹ̀ ọ́ ni, àbí ìwọ lo bẹ̀ wọ́n?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Owó ọkọ̀ ti tún lọ sókè.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé máínọ́ọ̀sì lọ́nà máínọ́ọ̀sì, pílọ́ọ̀sì ni. Ọmọbìnrin iwájú nawọ́ sókè.

"Àǹtí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òfin ìṣirò ni."

"Ta ló ṣòfin náà? Tí adìyẹ bá ṣu sílé, tí ewúrẹ́ náà tún wá ṣu sórí ẹ̀, ṣé ilé ti mọ́ nìyẹn?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Onítáyà ní, "Aláròyé ti bẹ̀rẹ̀ o!" Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Mo gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo ní, "Tí mo bá ní màmá ẹ wá, kí ló túmọ̀ sí?"

"Ó wá."

"Tí mo bá ní kò wá ńkọ́?"

"Kò wá náà ni."

"Tí mo bá wá ní kò ṣàì wá?"

Ó la ẹnu láti jiyàn. "Kò ṣàì... Ó wá." Ó dìde, ó kọjú sí àwọn tó kù. "'Kò' ti kọlu 'àì', àwọn méjèèjì ti kú! Ó wá nìyẹn! Ṣé ẹ gbọ́?" Ó ń pariwo bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ó dúró bá mi nu pátákó lẹ́yìn kíláàsì. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ṣẹ́ irun. Mo ní iṣẹ́ irun dára. Ó ní, "Kò burú, Àǹtí. Ṣùgbọ́n inú orí ni mo fẹ́ máa ṣe, kì í ṣe òde ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín délé. Bí gbogbo Sátidé bá rí báyìí, màá fi ìyókù ayé mi ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Àwọn olólùfẹ́ ti jà. Ọmọbìnrin ò lè wá síbi tí ọmọkùnrin wà, ọmọkùnrin náà ò lè wá síbi tí ọmọbìnrin lè wá. Àwọn méjèèjì ò wá. Gíga ní ìdánwò ẹ̀ka òun ti ń kan òun lára. Alága ní òun ń bọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń bọ̀.

Nítorí náà, èmi nìkan ni mo kọ́ wọn lánàá, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìṣirò, ohùn mi sì há pátápátá. Tí mo bá ń kọ́ àwọn ti iwájú, Aláròyé á ti wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, á máa kọ́ àwọn tí kò gbọ́. Bí ẹni ń jà ló ṣe ń kọ́ni. Wọ́n sì ń gbọ́.

Sátidé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Alága dé lónìí! Ó mú ayàwòrán dání. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó dúró síwájú iṣẹ́ tí mo ti kọ sójú pátákó, ó nàka sí i. Ayàwòrán ní kí àwọn ọmọ ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ó ní kí Onítáyà kúrò láàárín nítorí ó dàgbà jù, yóò ba fótò jẹ́. Onítáyà dìde, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Alága dá ṣọ́ọ̀kì mi padà. Ó ní, "O kú iṣẹ́." Ó wọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin

Obìnrin kan wá bá mi ní yàrá mi nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́ òní. Àǹtí Aláròyé ni, èyí tó ń ṣe irun. Mo ní kó jókòó, etí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ohun ilé mi kan òun lára.

"Ṣé ìwọ ni Tíṣà?"

"Èmi ni, mà."

"Ọmọdé báyìí?" Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kó kúrò nílé mi lánàá. Iṣẹ́ tó kù díẹ̀ kó kọ́ tán, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ó ní ẹ ti gba òun sí yunifásítì, pé òun ló ń ṣe dáadáa jù. Ṣé òótọ́ ni?"

"Mà, alága wa ló sọ pé..."

"N ò béèrè ohun tí alága sọ. Ìwọ ni mò ń bi."

"N ò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀." Ó rọra sọ ọ́, ó sì tún un sọ. "O ò mọ̀. Ẹ wá sí àdúgbò wa, ẹ gbé ìkòkò kaná, ẹ ní kí ọmọ ọlọ́mọ fọwọ́ kó wá jókòó, ẹ ò sì mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú ìkòkò. Mo ti na ọmọ yẹn rí, n ò ní purọ́. Mo ti bú u. Ṣùgbọ́n n ò ṣèlérí ohun tí n ò ní fún un rí."

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n padà, pé òun mọ̀nà.

Sátidé, ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ bá Alága ní yàrá ẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Ṣẹ́ẹ̀tì ló ń lọ̀.

"Àwọn àgbà wo ló wà lẹ́yìn wa?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àgbà kì í wọ́n. Tí iṣẹ́ bá dáa, wọ́n á yọjú."

"Ìyẹn ni pé kò sí ẹnì kankan."

"Kò tíì sí."

"Ọmọ kan ti fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ."

"Ṣé èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀ ni? Ìṣírí ni mo fún wọn. Tí n ò bá sọ ọ́, ṣé gbọ̀ngàn yẹn á kún? Ìwọ fúnra ẹ, ṣé wàá rí ẹni kọ́?" Ó yí ṣẹ́ẹ̀tì padà, ó lọ apá kejì. "Gbọ́, àwọn àlejò ń bọ̀ wá wò wá ní Sátidé. Èèyàn ńlá ni wọ́n. Má tíì sọ nǹkan kan fún àwọn ọmọ. Tí àlejò bá rí bí wọ́n ṣe já fáfá tó, bóyá ẹnì kan nínú wọn á tiẹ̀ ṣe é lóòótọ́."

"Bóyá" yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ó gé búrẹ́dì fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Aláròyé wá bá mi ní yunifásítì. Ó ní òun wá wo ibi tí òun máa ti máa kàwé ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló ń sùn, ó rù díẹ̀. Mo mú un wọ láíbìrì. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń fọwọ́ kan àwọn tábìlì bí a ṣe ń fọwọ́ kan ọmọ tó ń sùn. Ó dúró níbi èyí tó wà létí fèrèsé.

"Àǹtí, èyí ni tèmi. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má fún ẹlòmíì."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ. Ọ̀rọ̀ dé ètè mi. Mo wo ojú ẹ̀, mo gbé e mì.

Oòrùn gbóná janjan lónìí, òjò ò wá mọ́.

Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún

N ò tíì lè jẹun látàárọ̀. N ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ti ta aṣọ gbàgàdà tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí mọ́ ògiri, wọ́n fi bo ibi tí omi òjò ti bà jẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ pé: Gíga dé, àwọn olólùfẹ́ dé, wọ́n ti parí ìjà. Àlejò mẹ́ta jókòó síwájú, àgbàlagbà ọkùnrin kan tó ń fi ìwé pẹlẹbẹ fẹ́ ara ẹ̀ ni olórí wọn. Alága ròyìn iṣẹ́ wa. "Mo" ló ń sọ, kò ní "a" lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ó ní kí ọmọ tó ń ṣe dáadáa jù wá dúpẹ́. Aláròyé dìde. Ó ti yá búláòsì funfun wọ̀, ó gùn lápá fún un. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àlejò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sọ ìtàn "kò ṣàì wá", àwọn àlejò sì rẹ́rìn-ín dé ibi tí omi ń bọ́ lójú wọn. Mo rò pé ó ti parí.

Ló bá kọjú sí àgbàlagbà náà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀yin àgbà lẹ máa fa ẹni tó bá ṣe dáadáa jù wọ yunifásítì. Ìgbà wo ni kí n máa múra, sà? Mo ti fi ibi iṣẹ́ mi sílẹ̀."

Bàbá náà dáwọ́ fífẹ́ ara ẹ̀ dúró. Ó wo Alága. "Ìlérí wo nìyẹn?"

Alága kò ta gìrì rárá. Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sà, ẹ ò rí ìtara! Ohun tí ẹ̀kọ́ ń ṣe fún ọmọ nìyẹn, ó ń jẹ́ kí wọ́n lálàá!" Àwọn àlejò náà rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá náà ní, "Ọmọ dáadáa, máa lálàá o." Ayàwòrán ya fótò.

Aláròyé dúró síbẹ̀. Kò wo Alága. Èmi ló wò. Ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí tí ìṣirò bá le, tó fẹ́ kí n sọ ibi tó kàn.

Mo wo ilẹ̀.

Sátidé, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Onítáyà wá, àwọn díẹ̀ sì jókòó káàkiri. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ìbáà sàn kí wọ́n bú mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo wá Aláròyé lọ. Àǹtí ẹ̀ ń di irun fún oníbàárà, ọmọ tuntun kan ń mú irun lọ́wọ́ fún un. Kò wojú mi. Ó ní, "Mo ti gba ẹlòmíì. Mo ní kó padà wá sùn nílé, ó ní ojú ń ti òun. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò."

Mo bá a níbẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi kànrìnkàn fọ táyà ọkọ̀. Ọṣẹ bo apá ẹ̀ dé ìgúnpá. Ó rí mi, ó ń fọ táyà lọ.

Mo ní, "Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Jọ̀ọ́, máa bọ̀."

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àbí?"

N ò lè purọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì. "Mo mọ̀."

"Ní ọjọ́ tí ẹ mú mi wọ láíbìrì, ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

Ó rẹ kànrìnkàn sínú omi, ó fún un. "Alága, n ò bá a wí. Alága ò mọ̀ mí, kò mọ orúkọ mi títí dòní. Ẹ̀yin mọ̀ mí, Àǹtí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ni ibẹ̀ pariwo pé ṣé ọ̀rọ̀ la wá sọ ni àbí iṣẹ́. Aláròyé gbé korobá, ó lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí n ò ti ní rí i. Mo dúró díẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún

Alága gba àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n fún un láǹfààní láti lọ kàwé sí i lókè òkun nítorí iṣẹ́ tó ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Fótò ibi tó ti nàka sí pátákó mi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀ka wa. Màmá mi pè, ó bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo ní ó ń lọ. Ó ní, "Ohùn ẹ ti yí padà." Mo ní ọ̀fìnkìn ni.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Káfíńtà ti ń to pákó sínú gbọ̀ngàn. Ó ní kò sẹ́ni tó bá òun sọ̀rọ̀ nípa yíyá gbọ̀ngàn mọ́. Onítáyà nìkan ló wá. Mo kọ́ ọ lábẹ́ ibòji níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, oníbàárà ń dá wa dúró níṣẹ̀ẹ́jú-ìṣẹ̀ẹ́jú. Mo ní ká máa ṣe é láràárọ̀, kí ọkọ̀ tó pọ̀. Ó ní ó dáa.

Ọ̀rọ̀ kì í tètè yé e. Ṣùgbọ́n ó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pátá, ó ń bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀ dájú pé kò kàn án. Lónìí ó ní, "Tíṣà, tí ẹnì kan bá ti mọ èyí tán, kí ló kàn fún onítọ̀hún?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà

Ìdánwò ìṣirò wọn. Èmi náà ní iṣẹ́ tó yẹ kí n parí ní ẹ̀ka wa, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ láìparí, mo lọ dúró lẹ́nu géètì ilé ìdánwò. Òjò ń fọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Onítáyà dé, ó ti fọ ọwọ́ ẹ̀ títí, dúdú náà ló ṣì wà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀, tó fi ọ̀rá borí, Aláròyé ni. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí a ṣe ń kí ìyá arúgbó tí a ò mọ̀ rí. "Ẹ kú òjò, mà." Ó wọlé.

Mo di Onítáyà lápá mú. "Ta ló kọ́ Aláròyé?"

Ojú tì í. "Ohun tí ẹ bá kọ́ mi láàárọ̀, mo máa ń gbé e lọ bá a níbi tó ti ń fọ mọ́tò tó bá dìrọ̀lẹ́. Ẹ má bínú, Tíṣà. Ó ní tí n bá sọ fún yín, òun ò ní gbà á mọ́."

Mo dúró sínú òjò títí wọ́n fi jáde. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni Aláròyé gbà lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ

Èsì ti dé. Aláròyé yege, máàkì tó gbà nínú ìṣirò ju èyí tí èmi gbà nígbà tèmi lọ. Onítáyà kùnà.

Aláròyé ti lọ. Àǹtí ẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀ ló lọ, ó jìnnà, ó rí iṣẹ́ akọ̀wé kékeré kan níbẹ̀, ó ní tó bá yá òun á wá yunifásítì tó wu òun wọ fúnra òun. "Kì í ṣe tiyín," ni àǹtí ẹ̀ wí. Mo bi í bóyá Aláròyé ní kó sọ nǹkan kan fún mi. Ó wò mí, bóyá àánú ló ṣe é. "Kò sọ nǹkan kan."

Mo gba ìkóríta lọ. Onítáyà ń fẹ́ táyà, ó ti gbọ́ èsì ẹ̀ láàárọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má banú jẹ́. Ẹ gbìyànjú." Òun ló tún ń tu èmi nínú. Mo ní ṣé ó máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó pa ẹ̀rọ náà. "Ta ni yóò kọ́ mi? Ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa jáde. Ẹ̀yin náà á lọ."

Mo la ẹnu láti ṣèlérí. Ó dùn lẹ́nu mi bí oyin, gbogbo ẹ̀ ti tò. Mo pa ẹnu mi dé.

Mo ní, "Ọjọ́ wo ni kì í sí iṣẹ́ níbí?"

"Àìkú."

"Àìkú ọ̀tunla yìí ńkọ́?"

Ó wò mí, ó ń wá ibi tí irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ wá ná."